Ebè Alápótí Lẹ́yìnkùlé Ilé Tuntun: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Pákó

Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun, tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó rí ilẹ̀ gbalasa tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fà sí ọgbà. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti ra pákó, ó ti ra irúgbìn. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Ebè mi àkọ́kọ́ gún régé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo kàn án sí, níbi tí ilé ti ń dínà oòrùn láti ọ̀sán lọ. Tòmátì inú rẹ̀ ga, ó tín-ín-rín, kò sì so nǹkan gidi kan. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo kó ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ sí ìkángun kejì ọgbà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ṣe tiyín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ebè alápótí ni mo ń pe ebè tí a fi pákó, búlọ́ọ̀kù tàbí páànù ṣe ògiri yí ká, tí a wá da ilẹ̀ tó dára sínú rẹ̀, kó lè ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ. Ó ń jẹ́ kí omi tètè fà, ó sì ń fún gbòǹgbò ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kankan kò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ilé tuntun, ó tún ń ṣe ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń yọ yín nínú ilẹ̀ tí àwọn tó kọ́lé fi sílẹ̀.

Ilẹ̀ ilé tuntun kì í ṣe ilẹ̀ oko

Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, katakata ti kọ́kọ́ ha ilẹ̀dú kúrò lórí ilẹ̀. Inú ilẹ̀dú yẹn ni ekòló ń gbé, òun ló sì ń bọ́ irúgbìn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀, tí ọkọ̀ akẹ́rù ti gùn mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n á wá da iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú ìpìlẹ̀ lé e lórí, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, nígbà míì wọ́n á gbin koríko sí i. Lójú, ó tutù minimini. Ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni, ìṣó ni, ọ̀rá ni, èérún sìmẹ́ńtì ni.

Sìmẹ́ńtì yìí ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹfun inú rẹ̀ ń gbé pH ilẹ̀ sókè, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó: bó bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni kíkan ilẹ̀ ń dín kù. Púpọ̀ jù nínú ewébẹ̀ fẹ́ pH tó wà láàárín 6 sí 7. Bó bá ti kọjá 7.5, gbòǹgbò kì í lè fa èròjà irin inú ilẹ̀ mu dáadáa mọ́, àní bí irin náà bá tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa rí i lára ewé tuntun: ara ewé á di àwọ̀ ìyeyè, àwọn iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa da ajílẹ̀ lé e, kò sì ní gbọ́, torí pé ebi kọ́ ló ń pa á.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ni mo máa ń ṣe, kò sì sí èyí tó gbówó lérí nínú wọn.

Èkíní, ẹ mú ọ̀pá irin tó tó ìka ọwọ́ nípọn. Lọ́jọ́ kejì òjò, tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti bomi rin ilẹ̀ dáadáa, ẹ fi agbára ọwọ́ lásán tì í wọlẹ̀ ní ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà kárí ẹ̀yìnkùlé. Níbi tí kò bá ti wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, ilẹ̀ ibẹ̀ ti kì pọ̀ jù, gbòǹgbò kò ní rọ́nà gbà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ sì fi ọ̀pá náà pa mọ́, a ṣì máa padà sídìí rẹ̀.

Èkejì, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún rọ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá fi rúlà wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Ìgbà àkọ́kọ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí ilẹ̀ gbígbẹ a máa mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí omi bá lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5 ní wákàtí kan, ó dára. Bó bá kéré sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ebè yín ga sí i. Bí omi bá ṣì wà nínú ihò náà ní ọjọ́ kejì, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ̀kẹta, ẹ bu ilẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara dé ìlàjì, ẹ bu omi kún un, ẹ mi ìgò náà gidigidi, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, iyanrìn ti rọ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ kíkúnná tó wà láàárín iyanrìn àti amọ̀ á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí mélòó kan. Amọ̀ á lo ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá nípọn jù nínú àwọn ìpele náà ni yóò sọ irú ilẹ̀ tí ẹ ní.

Bó bá jẹ́ pé ilé àtijọ́ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀, ẹ fi èyí kún un: òjé wà nínú ọ̀dà ilé àtijọ́. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é nínú ọ̀dà tí a fi ń kun ilé. Ibi tí ọ̀dà ti ń bó lára ògiri, tí èèpo rẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ lè ní òjé nínú, òjé sì máa ń ṣe ọpọlọ ọmọdé ní jàǹbá. Ẹ bu ilẹ̀ náà lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó gbin ohun jíjẹ nítòsí rẹ̀.

Ibi tí ebè yóò jókòó sí

Ẹ gba ara yín láyè ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ẹ kan èèkàn mélòó kan mọ́ ibi tí ẹ ń rò, kí ẹ máa jáde lọ wò ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ya ẹ̀yìnkùlé náà sórí bébà, kí ẹ sì kun ibi tí òjìji bò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Tòmátì, ata, ìgbá àti ohunkóhun tó ń so èso fẹ́ oòrùn wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́. Àwọn tí a ń jẹ ewé wọn, bíi lẹ́tíọ̀sì, lè fara da wákàtí 4. Ẹ rántí pé oòrùn kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ibi tó ń tàn yòò lóṣù yìí lè wà lábẹ́ òjìji ilé ní oṣù mẹ́fà sí i, pàápàá ní àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé, níbi tí oòrùn ìgbà òtútù kì í ti í ga.

Bí àyè bá gbà yín, ẹ jẹ́ kí gígùn ebè kọjú láti àríwá sí gúúsù. Oòrùn àárọ̀ á mú ẹ̀gbẹ́ kan, tìrọ̀lẹ́ á mú èkejì, ọ̀wọ́ kan kò sì ní máa dínà fún òmíràn láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Lẹ́yìn oòrùn, omi ló kàn. Ẹ wọn ọ̀nà láti ẹnu ẹ̀rọ omi dé ibẹ̀. Ebè tí rọ́bà omi kò lè dé, garawa ni ẹ ó máa gbé lọ síbẹ̀, ó sì lójú ìgbà tí ẹnì kan lè fi máa gbé garawa kó tó sú u. Mo ti rí ebè tó rẹwà lókè ọgbà tó gbẹ táútáú torí pé ó jìnnà sí omi, àti èyí tí kò rẹwà rárá lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ewébẹ̀ rẹ̀ kì í tán. Ẹni tó bá ń rí ebè rẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa ń tètè rí kòkòrò, ló sì máa ń rántí omi.

Àwọn ibi tó yẹ kí ẹ yẹra fún wà. Orí sọ́kàwéè àti ibi tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà fà sínú ilẹ̀: gbòǹgbò lè dí i, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì lè dé ara oúnjẹ. Orí páìpù àti wáyà iná tó wà lábẹ́ ilẹ̀: ẹ béèrè àwòrán ilé lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ kí ẹ tó gbẹ́ nǹkan kan. Abẹ́ igi ńlá: gbòǹgbò igi máa ń kọjá ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ nà dé, á sì gòkè wọ inú ebè yín láti wá jẹ ajílẹ̀. Ara ògiri ilé gan-an náà kò dára. Ẹ fi àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀, kí ọ̀rinrin má bàa máa wọ ògiri, kí ikán má sì rí afárá gbà wọlé.

Ìwọ̀n rẹ̀

Apá yín ni kí ẹ fi wọn ebè yín. Ẹni tó dàgbà lè na ọwọ́ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 láìfi orúnkún tẹ ilẹ̀ inú ebè. Ìdí nìyẹn tí ebè tí a lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju 120 lọ, èyí tó bá fara ti odi tó yí ẹ̀yìnkùlé ká kò sì gbọ́dọ̀ ju 60 sí 75. Kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú ebè láé. Gígùn ò tó nǹkan tí à ń jà lé, ṣùgbọ́n èyí tó bá ju mítà 3 lọ, àwọn èèyàn á fẹ́ fò ó kọjá dípò kí wọ́n yí i po.

Gíga rẹ̀ wá ńkọ́? Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá dára, sẹ̀ǹtímítà 20 tó. Ilẹ̀ ilé tuntun kì í sábà dára, nítorí náà 30 ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè, kí kárọ́ọ̀tì àti gbòǹgbò tòmátì lè rí ibi wọ̀. Níbi tí omi kò bá ti fà dáadáa nígbà àyẹ̀wò, ẹ gbé e dé 45. Fún ẹni tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún ń dùn, tàbí tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, 60 sí 75 ni. Àárín ebè kan sí èkejì, ẹ fi 60 sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, 90 níbi tí bárò yóò máa gbà kọjá.

Ògiri ebè

Pákó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wá igi líle tí ikán kì í tètè jẹ, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Pákó fẹ́lẹ́ á yọ ikùn láàárín ọdún kan, torí pé ilẹ̀ tó rin omi ń tì í síta tọ̀sán-tòru. Bí tínrín ni ẹ bá rí, ẹ kan òpó kúkúrú mọ́ ọn ní mítà kan síra.

Ẹ ṣọ́ra fún igi tí wọ́n ti fi oògùn rẹ. Igi ojú irin ọkọ̀ ojú irin sábà máa ń ní creosote, oògùn tó ń wọ inú ilẹ̀, tí kò sì yẹ kó wà nítòsí ohun jíjẹ. Àwọn pákó àtijọ́ mìíràn wà tí wọ́n fi CCA rẹ, oògùn pákó tí arsenic, èròjà olóró, wà nínú rẹ̀. Ní òpin ọdún 2003 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é fún ìlò ilé ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, pákó tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ má fi ṣe ebè ewébẹ̀. Bó bá jẹ́ pákó ìgbẹ́rù, irú èyí tí wọ́n ń to ẹrù lé lórí, ni ẹ fẹ́ tú, ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀: HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, èyí dára. MB ni kí ẹ sá fún, gáàsì olóró ni wọ́n fi ṣe é.

Búlọ́ọ̀kù kì í jẹrà, ìpele kan tàbí méjì sì lè jókòó láìlo sìmẹ́ńtì, bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá tẹ́jú. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ẹ pe bíríkìlà, kí ó sì fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí omi yóò máa gbà jáde. Ẹfun inú búlọ́ọ̀kù tuntun lè gbé pH ìtòsí rẹ̀ sókè díẹ̀, nítorí náà ẹ fi omi fọ̀ ọ́ léraléra kí ẹ tó lò ó. Páànù náà ń pẹ́, àmọ́ ẹ fi igi tàbí rọ́bà bo etí rẹ̀, torí ó mú bí abẹ. Táyà ọkọ̀ àtijọ́, èmi kì í lò ó fún ohun tí a ó jẹ.

Kíkàn án

Ẹ jẹ́ ká mú ebè tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó gùn ní 240, tó sì ga ní 30. Ẹ kan èèkàn mẹ́rin, kí ẹ na okùn yí wọn ká. Láti mọ̀ bóyá igun gún, ẹ wọn 90 lára okùn kan láti igun, ẹ wọn 120 lára èkejì, kí ẹ wá wọn láti àmì kan dé èkejì: bí ó bá jẹ́ 150 géérégé, igun náà gún. Lẹ́yìn náà ẹ wọn láti igun dé igun tó kọjú sí i, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gígùn wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, fún ebè yìí á jẹ́ nǹkan bíi 268. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ojú máa ń purọ́ lórí ilẹ̀ tó dagun.

Ẹ gbé òpó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú, kí ẹ de pákó mọ́ ọn pẹ̀lú síkúrù, kì í ṣe ìṣó. Pákó máa ń wú nígbà òjò, á sì sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣó á máa fà yọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n síkúrù á dìí mú. Síkúrù mẹ́ta ní ìkángun pákó kọ̀ọ̀kan tó. Ní àárín gígùn 240 yẹn, ẹ fi igi kan tàbí wáyà líle so ògiri méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má bàa ya síta.

Kí ẹ tó da ilẹ̀ sí i, ẹ wò ó bóyá ó tẹ́jú. Bí kò bá sí ìwọ̀n ìtẹ́jú bíríkìlà, ẹ bu omi sínú rọ́bà tó mọ́ gaara, kí ẹ di orí rẹ̀ kan mú ní igun kan, orí kejì ní igun kejì: ibi tí omi bá dúró sí ní orí méjèèjì dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ tó bá ga, ẹ wa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kúrò kó lè rọlẹ̀. Ẹ má fi òkúta ti ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ sókè, torí ilẹ̀ á máa gba abẹ́ rẹ̀ yọ jáde nígbà tí òjò bá rọ̀. Ebè tí kò bá tẹ́jú, orí kan nìkan ni yóò máa rí omi mu.

Ìsàlẹ̀ ebè

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré kọjá níbí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: ilẹ̀ líle tó wà lábẹ́, bí ẹ kò bá tú u, á dà bí àwo tí omi gún sí. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ńlá tàbí díígà tú u dé sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Kò di dandan kí ẹ yí i padà, kí ó ṣáà la. Ẹ ṣa ìṣó àti àfọ́kù kúrò. Ẹ gé koríko mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ páálí lé e, páálí lásán tí kò ní dídán, tí ẹ ti ṣí téèpù kúrò lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí èpo má bàa gba àárín wọn yọ, kí ẹ sì bomi rin wọ́n. Páálí á pa koríko, á jẹrà, ekòló á sì jẹ ẹ́. Ẹ má lo ọ̀rá nísàlẹ̀, nítorí kì í jẹ́ kí omi jáde, kì í sì í jẹ́ kí gbòǹgbò sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí eku bá ti ń yọni lẹ́nu, ẹ tẹ́ àwọ̀n onírin tí ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1.2 lọ sábẹ́.

Ọ̀rọ̀ òkúta wá wà. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ da òkúta sísàlẹ̀ kí omi lè fà. Mo gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe òótọ́. Omi kì í kúrò nínú ilẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú àlàfo òkúta àyàfi tí ilẹ̀ òkè bá ti rin gbindin. Nítorí náà, orí òkúta yẹn ni omi yóò dúró sí, ibi tí gbòǹgbò wà gan-an. Ṣe ni òkúta gbé irà náà sún mọ́ wọn. Ilẹ̀ kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló dára jù.

Ilẹ̀ tí yóò wọ inú rẹ̀

Ibí ni kí ẹ ná owó yín sí. Ẹ fi pákó olówó pọ́ọ́kú ṣe ògiri bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣahun lórí ilẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Mítà 1.2, lọ́nà 2.4, lọ́nà 0.3: lítà 864 ni. Ilẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn òjò mélòó kan, nítorí náà ẹ wá nǹkan bíi lítà 1,000. Bí bárò yín bá ń gba lítà 60, ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀ ní ìgbà 17. Bí ilẹ̀ náà bá rin omi, á tó tọ́ọ̀nù kan ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí òrùlé tàbí bákónì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀.

Ìpín méjì ilẹ̀dú sí ìpín kan kọ́ńpọ́ọ̀sì ni mo máa ń pò. Kọ́ńpọ́ọ̀sì ni ewé, koríko àti ìdọ̀tí ilé ìdáná tó ti jẹrà di dúdú, tí ẹ kò lè mọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀dú náà bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ jù, ẹ bu díẹ̀ nínú iyanrìn oníhóró ńlá sí i. Ẹ má fi kọ́ńpọ́ọ̀sì nìkan kún ebè. Ó máa ń wu èèyàn, torí ó dúdú, ó sì fúyẹ́. Àmọ́ ó ṣì ń jẹrà lọ ni, á sì máa lọ sílẹ̀. Bó bá gbẹ pátápátá, omi á máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láìwọlé.

Ẹ rí ilẹ̀dú kí ọkọ̀ tó dà á sílẹ̀. Ẹ bù ú sọ́wọ́, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: ilẹ̀ tó dára a máa rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò, kì í rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ fún un nígbà tó tutù díẹ̀, á dì pọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tọ́ ọ, kí ó tú. Bí kò bá dì rárá, iyanrìn ti pọ̀ jù. Bó bá dì tí kò tú, amọ̀ ni.

Àyẹ̀wò kan tí mi ò lè fojú fò mọ́ ni ti ẹ̀wà. Oògùn apakoríko kan wà tó lè gba inú koríko wọ ikùn màlúù, kó gba inú ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kó ṣì lágbára nínú kọ́ńpọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́ta sínú ike kan tí kọ́ńpọ́ọ̀sì yẹn wà nínú rẹ̀, mẹ́ta sínú ike mìíràn tí ilẹ̀ tí ẹ mọ̀ dáadáa wà nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ewé ti àkọ́kọ́ bá ń ká kò, tó ń lọ́ bí ìwo àgbò, tí ti èkejì sì ń dán, ẹ dá kọ́ńpọ́ọ̀sì náà padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò pọ̀ lójú ọdún kan tí ohunkóhun kò ní hù dáadáa.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ìgbẹ́ ẹran tútù sì lè gbé àrùn sára oúnjẹ. Òfin ọ̀gbìn aláìlóògùn ti Amẹ́ríkà sọ pé ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 120 láàárín ìgbà tí a da ìgbẹ́ tútù sílẹ̀ àti ìgbà tí a ó kórè ohun tó ń kan ilẹ̀, bíi kárọ́ọ̀tì àti lẹ́tíọ̀sì, ọjọ́ 90 fún èyí tí kò kan ilẹ̀. Ìlànà tó dára ni fún ẹnikẹ́ni. Ní ebè tuntun, èyí tó ti jẹrà pátápátá nìkan ni kí ẹ lò.

Bí ebè yín bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, ẹ lè fi igi tó ti ń jẹrà, ẹ̀ka àti ewé gbígbẹ kún ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ má bàa ra ilẹ̀ púpọ̀ jù. Bí igi bá ṣe ń jẹrà, á máa fa náítírójìn, èròjà tí ọ̀gbìn fi ń dàgbà, mọ́ra, nítorí náà ilẹ̀ gidi tó wà lókè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 30. Orí ebè á sì lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ po ilẹ̀ náà pọ̀ níta kí ẹ tó dà á wọlé, ìpele 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ bomi rin ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi á fún un ní ibùjókòó tirẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sílẹ̀ lókè, kí omi àti ìborílẹ̀ (koríko tàbí ewé tí a ó fi bo ilẹ̀) má bàa ṣàn dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Èpo tó bá hù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ fà á tu.

Omi àti ìborílẹ̀

Ebè alápótí máa ń gbẹ ju ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ, torí afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń bá a láti ẹ̀gbẹ́. Omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ́sẹ̀ ni ewébẹ̀ ń fẹ́, ibẹ̀ la ti lè bẹ̀rẹ̀. Fún ebè wa yìí, lítà 72 ni, ìyẹn garawa lítà 10 méje àti díẹ̀, a ó sì pọ̀ ọ́n sí i nígbà tí ooru bá mú. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó lè wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ gbòǹgbò. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti dúró sókè, níbi tí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ ń gbẹ. Ìka yín ló mọ̀ ọ́n jù: ẹ tì í bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin, ìdí ọ̀gbìn sì ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe orí ewé.

Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé gígé bo ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kó má kan ìdí ọ̀gbìn. Ìborílẹ̀ yìí nìkan dín omi tí mò ń bù kù ju ohunkóhun mìíràn tí mo ti ṣe lọ.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbìn

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má kó ohun gbogbo jọ. Ilẹ̀ tuntun náà kò tíì fìdí múlẹ̀. Ẹ̀wà, lẹ́tíọ̀sì, àlùbọ́sà elewé àti tòmátì díẹ̀ tó. Tòmátì fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 síra, nítorí náà ebè yìí lè gba mẹ́jọ péré. Èmi á gbin mẹ́rin sí ìdajì kan, kí n fi ìyókù sílẹ̀ fún ewé. Èyí tó ga, ẹ gbìn ín sí ìhà tí òjìji rẹ̀ kò ti ní bo àwọn kéékèèké. Kárọ́ọ̀tì, ẹ fún un ní ìgbà kejì, nígbà tí ilẹ̀ bá ti jókòó.

Lẹ́yìn ọdún kan

Orí ilẹ̀ á ti lọ sílẹ̀. Ẹ da kọ́ńpọ́ọ̀sì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lé e, láìtú ilẹ̀. Ekòló á gbé e wọlẹ̀ fún yín. Ẹ má gbin tòmátì, ata àti ìgbá sójú kan náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, torí ìdílé kan náà ni wọ́n, àrùn kan náà ló sì ń bá wọn jà. Ẹ tún síkúrù dì, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ pákó bóyá ikán ti dé.

Kí ẹ wá mú ọ̀pá irin ọjọ́sí, kí ẹ tì í wọ àárín ebè, kó gba inú ilẹ̀ tuntun kọjá dé ilẹ̀ àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tèmi, ní ọdún kẹta, ọwọ́ kan ni mo fi tì í, ó sì kọjá ibi tí òòlù kò lè gbà kọjá lọ́jọ́ tí a kó dé.